Kí Ẹ Tó Ra Ẹ̀rọ Tí Yóò Gba Àwòrán Tẹlifíṣọ̀n HD Sórí Kọ̀ǹpútà

Ihò HDMI tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ láptọ́ọ̀pù yín, ojú àbájáde ni. Àwòrán ń gbabẹ̀ lọ sórí tẹlifíṣọ̀n tàbí pirojẹ́kítọ̀, kò sí èyí tó ń gbabẹ̀ wọlé. Síbẹ̀, àwọn ènìyàn kò yé ra wáyà HDMI, kí wọ́n ki orí kan bọ díkódà, kí wọ́n ki orí kejì bọ láptọ́ọ̀pù, kí wọ́n wá jókòó máa wojú síkírínì. Wáyà kọ́ ló bàjẹ́. Ẹ̀rọ kan ló gbọ́dọ̀ wà láàárín, tí yóò gba àwòrán náà lọ́wọ́ díkódà, tí yóò sì gbé e fún kọ̀ǹpútà lọ́nà tí kọ̀ǹpútà yóò fi lè kọ ọ́ sílẹ̀.

Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kún ọjà. Ohun tó ń kó oníbàárà sí wàhálà ni pé orí páálí ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀: wọ́n rí “4K”, wọ́n rí “USB 3.0”, wọ́n sanwó. Ibi tí àwòrán ti ń jáde ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ bọ́ sí ihò tó wà lára kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ tó wá dé orí ohun tí ẹ máa rà. Bí ẹ bá tò ó báyìí, ọ̀pọ̀ nínú ohun tó wà lórí àtẹ oníṣọ́ọ̀bù ni yóò ti já kúrò kí ẹ tó bi í ní iye owó.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ibi tí àwòrán náà ti ń wá

Ọ̀nà méjì ni àwòrán HD ń gbà wọ kọ̀ǹpútà nílé. Ọ̀kan ni pé kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ máa gba ìgbì tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ń tú sáfẹ́fẹ́. Ẹ̀rọ tó ń ṣe ìyẹn fún un ni tuner. Èkejì ni pé kí díkódà, kámẹ́rà tàbí ẹ̀rọ géèmù ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ tán, kó gbé àwòrán jáde lójú HDMI, kí ẹ̀rọ mìíràn wá gbà á níbẹ̀. Ìyẹn ni capture card, yálà ó jẹ́ káàdì lóòótọ́ tàbí ohun kékeré tí à ń kì bọ ihò USB.

Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì tóbi ju bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́jà lọ. Ìgbì tó ń bọ̀ láti ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ti fún un pọ̀ kó tó kúrò lọ́hùn-ún. Ní Amẹ́ríkà, gbogbo ohun tí ìkànnì kan lè gbé lójú ATSC 1.0, ìlànà tí wọ́n fi ń tú tẹlifíṣọ̀n sáfẹ́fẹ́ níbẹ̀, kò ju 19.39 Mbps lọ, ìyẹn nǹkan bí 8.7 GB fún wákàtí kan. Tuner kì í fọwọ́ kan àwòrán yẹn rárá. Ó kàn ń kó o sínú fáìlì .ts bó ṣe bá a, kò yọ nǹkan kan kúrò, kò sì fi nǹkan kan kún un. Láptọ́ọ̀pù ọlọ́dún gbọọrọ tí kò lágbára mọ́ ṣì lè ṣe é, nítorí kò sí iṣẹ́ mìíràn níbẹ̀ ju kíkọ sórí dísìkì lọ.

Ní ti capture card, díkódà ti tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ kó tó gbé e sójú HDMI. Fírémù kan, ìyẹn ẹyọ àwòrán kan nínú fídíò, ní 1080p jẹ́ píksẹ̀lì 1920 ní ìbú àti 1080 ní gíga. Bí píksẹ̀lì kọ̀ọ̀kan bá gba báìtì 2, fírémù kan ṣoṣo ti lé ní 4 MB. Ẹ wá fi fírémù 50 sínú ìṣẹ́jú àáyá kan: ó di nǹkan bí 207 MB láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 750 GB fún wákàtí kan. Kò sí ẹni tó ń tọ́jú irú ẹrù bẹ́ẹ̀ sílé. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ tún un fún pọ̀, yálà capture card fúnra rẹ̀ tàbí kọ̀ǹpútà yín, àwòrán yóò sì pàdánù díẹ̀ nínú ẹwà rẹ̀ nígbà kejì yìí.

Nítorí náà, bí ohun tí ẹ fẹ́ gbà sílẹ̀ bá wà lórí afẹ́fẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọn kò tì í pa, ẹ má náwó sórí capture card. Tuner ló kàn yín. Bí ó bá jẹ́ kámẹ́rà, ẹ̀rọ géèmù, tàbí díkódà tí kò ti ojú HDMI rẹ̀ pa, ẹ fo ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé èyí.

Ìgbésẹ̀ kejì: tuner, orílẹ̀-èdè tí ẹ wà ló máa yàn án fún yín

Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní ìlànà tó fi ń tú tẹlifíṣọ̀n sáfẹ́fẹ́. DVB-T2 ni Nàìjíríà ń lò. Ní Jos ni ìyípadà sí tẹlifíṣọ̀n oní-dígítà ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2016, ó sì dé Èkó ní 2021. Ní Britain, DVB-T2 ló gbé àwọn ìkànnì HD ti Freeview, tẹlifíṣọ̀n ọ̀fẹ́ tiwọn, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìkànnì tí kì í ṣe HD ṣì wà lórí DVB-T. ATSC ni Amẹ́ríkà ń lò. Ìlànà ISDB-T láti Japan ni Bràsíl mú, wọ́n sì tún un ṣe sí tiwọn. Kúbà lọ mú DTMB ti Ṣáínà. Tuner tí ẹ̀gbọ́n yín rà ní Houston kò ní rí ohunkóhun gbà ní Ìbàdàn, bó ti wù kó wọ́n tó, àti pé kò sí software tí ẹ máa dà lé e tí yóò yí ìyẹn padà, torí inú chip ni ọ̀rọ̀ náà wà.

Ibi tó ti ń tan àwọn ènìyàn ni pé orúkọ kan náà lè wà lára ẹ̀rọ méjì. Hauppauge ń ta WinTV-dualHD ní Amẹ́ríkà, ó sì ń ta WinTV-dualHD ní Yúróòpù. Ti Amẹ́ríkà ń gba ATSC, ti Yúróòpù ń gba DVB-T, DVB-T2 àti DVB-C. HDHomeRun, tuner mìíràn, náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má ka orúkọ nìkan, ẹ ka ìlà kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí “DVB-T2” níbẹ̀ ní kedere, ẹ gbé e kalẹ̀.

“DVB-T” lásán kò tó. Àwọn tuner kékeré tó ń lo chip RTL2832U pẹ̀lú R820T kò wọ́n, wọ́n sì wà káàkiri, nítorí àwọn tó fẹ́ràn rédíò ń fi wọ́n gbọ́ oríṣiríṣi ìgbì. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn dára fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n T2 kò sí nínú wọn, nítorí náà tẹlifíṣọ̀n HD wa kò lè gba ojú wọn kọjá.

Ọ̀rọ̀ àgádágodo ló kù. Kì í ṣe gbogbo ìkànnì tó ń gba DVB-T2 ló wà ní ṣíṣí. Àwọn tó ń gba owó oṣù ti ti tiwọn pa, tuner yóò rí wọn ṣùgbọ́n kò ní lè ṣí wọn. Ọ̀nà kan wà tí ẹ fi lè mọ̀ láìná kọ́bọ̀. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n pẹrẹsẹ tó wà nílé wa báyìí ní tuner DVB-T2 nínú. Ẹ yọ díkódà kúrò, ẹ ki wáyà áńténà tààrà bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ “Digital” sí, kí ẹ sọ pé kó máa wá ìkànnì. Ìkànnì tó bá jáde pẹ̀lú àwòrán àti ohùn, tuner kọ̀ǹpútà yín lè gbà á sílẹ̀. Èyí tó bá kọ “Scrambled”, tàbí tó dúdú tí orúkọ rẹ̀ nìkan hàn, ẹ gbàgbé rẹ̀. Bí kò bá sí èyí tó jáde rárá, ẹ gbé áńténà náà síta kí ẹ tún un ṣe kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Áńténà pẹ̀lú ń jẹ owó, ẹ má sì jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Ọ̀pá kékeré tó ń bá tuner wá nínú páálí, ohun ọ̀ṣọ́ ni, àyàfi bí ilé yín bá súnmọ́ òpó ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Áńténà UHF tó wà níta, tó ga, tó kọjú sí òpó náà, ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ sì wo ẹnu wáyà: ti Amẹ́ríkà ni èyí tí à ń yí bí ìdè, tí wọ́n ń pè ní F, ti Britain àti tiwa ni èyí tí à ń kì bọ̀ ọ́ lásán. Ohun tó ń so méjèèjì pọ̀ kò wọ́n, ẹ rà á mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí áńténà bá wà ní pálọ̀ tí kọ̀ǹpútà wà ní yàrá, tuner orí nẹ́tíwọ́kì ló dára jù lójú tèmi. Bí HDHomeRun ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: ẹ so áńténà mọ́ ọn, ẹ so ó mọ́ ráútà, gbogbo kọ̀ǹpútà ilé yóò sì máa rí i. Ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà kó rántí pé ATSC 3.0 ti ń wọlé, àwọn ilé-iṣẹ́ kan sì ti ń ti ìkànnì wọn pa níbẹ̀, nítorí náà tuner ATSC 1.0 ṣì ni kò ní fún un ní ẹ̀fọ́rí. Ti sátẹ́láìtì, DVB-S2 ni ẹ ó wá. Ilé-iṣẹ́ TBS ń ṣe káàdì rẹ̀. Ohun tí kò bá sí lábẹ́ owó oṣù nìkan ni yóò ṣí fún yín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: kí ẹ tó ra capture card, ẹ gbọ́ nípa HDCP

HDCP ni àgádágodo tí wọ́n fi sójú HDMI. Díkódà á béèrè lọ́wọ́ ohun tó wà ní òdìkejì wáyà bóyá ó ní ẹ̀tọ́ láti rí àwòrán náà. Tẹlifíṣọ̀n á dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Capture card kò ní ìdáhùn yẹn, nítorí náà síkírínì á dúdú, tàbí kó kọ ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀. Àwọn díkódà olówó oṣù àti àwọn àpótí tí à ń fi wo fíìmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń tan HDCP sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Èyí ni pé ẹ lè ra capture card tó dára jù lọ láyé kí ẹ má rí nǹkan kan gbà láti ara díkódà yín, kì í sì í ṣe ẹ̀bi card náà.

Mi ò ní sọ bí wọ́n ṣe ń já àgádágodo yẹn. Òfin Copyright Act 2022 ti Nàìjíríà kò fàyè gbà á, ti Amẹ́ríkà náà kò sì fàyè gbà á láti 1998. Ẹni tó kàn fẹ́ wo eré bọ́ọ̀lù nígbà tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, díkódà tó ń gba ètò sílẹ̀ fúnra rẹ̀, irú Explora ti DStv, ló yẹ kó rà. Kíkó ètò pamọ́ láti wò ó nígbà mìíràn nínú ilé ẹni kò lòdì sófin fúnra rẹ̀ ní Britain, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà sì ti fọwọ́ sí i láti 1984 nínú ẹjọ́ Betamax. Jíjá àgádágodo ni ọ̀rọ̀.

Kámẹ́rà kì í sábà ní wàhálà yìí. PS4 àti PS5 náà, ẹ lè pa HDCP nínú settings wọn bí ẹ bá fẹ́ gba géèmù sílẹ̀. Fíìmù orí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní ṣí lórí wọn títí ẹ ó fi tún un tàn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ má gba “USB 3.0” gbọ́ títí ẹ ó fi rí i

Ibí ni owó ti ń ṣòfò jù, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀.

USB 2.0 ní 480 Mbps lórí ìwé. Bó bá délẹ̀, 35 sí 40 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan ló sábà máa ń rí gbé. Àwòrán wa tó ń sáré 207 MB wá fẹ́ gbabẹ̀ kọjá: ẹnu ìgò lẹ fẹ́ fi da omi àgbá yẹn. Ọgbọ́n tí àwọn ẹ̀rọ kékeré olówó pọ́ọ́kú ń dá ni pé wọ́n á fún fírémù kọ̀ọ̀kan pọ̀ ní MJPEG, bí ẹni ń ya fọ́tò léraléra, kí wọ́n tó tì í sínú wáyà. Ó kọjá lóòótọ́, ṣùgbọ́n etí lẹ́tà á máa wú, àwọ̀ pupa á máa ṣàn kọjá ààyè rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ kékeré dúdú tàbí eérú tí ẹ ń rí lórí àtẹ, chip MS2109 ti MacroSilicon ló wà nínú wọn, ohun yòówù kí orúkọ ara páálí jẹ́. USB 2.0 ni chip náà. Àwọn tó ń ṣe páálí a máa fi rọ́bà búlúù sí ẹnu rẹ̀ kó lè jọ USB 3.0, wọ́n á sì kọ “4K” gàdàgbà. “4K” yẹn ní òótọ́ díẹ̀ nínú: ó lè gba àwòrán 4K wọlé láti ojú HDMI. Ohun tó ń gbé jáde fún kọ̀ǹpútà kò ju 1080p ní fírémù 30 lọ.

Bí ẹ ṣe máa dá a mọ̀ rèé. Ẹ ṣí OBS Studio, software tí à ń fi gba fídíò sílẹ̀, ẹ fi Video Capture Device kún un, ẹ yan ẹ̀rọ náà, kí ẹ yí Resolution/FPS Type sí Custom. Ẹ mú 1920x1080, kí ẹ mú YUY2 (àwòrán tí wọn kò fún pọ̀ bí MJPEG) níbi Video Format, kí ẹ wá wo iye fírémù tó gbà. Bí kò bá ju 5 lọ, USB 2.0 ni, kí búlúù ẹnu rẹ̀ máa tàn bí iná. Ẹ yí i sí MJPEG, ẹ ó rí 30 àti 25. Ẹ bọ́ sí 1280x720, ẹ ó rí 60 àti 50. Lórí Linux, ẹ tẹ lsusb -t: 480M ni tirẹ̀ á kọ, ti USB 3.0 gidi á kọ 5000M. Ohùn rẹ̀ náà ní àbùkù: chip yìí ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé ohùn ẹyọ kan ní 96 kHz ni òun gbé wá, bẹ́ẹ̀ ohùn ọ̀tún àti òsì ní 48 kHz ló wà níbẹ̀. Linux ti ní àtúnṣe fún un.

Ṣé kò wúlò nìyẹn? Ó wúlò. Kámẹ́rà tó wà níwájú oníwàásù tàbí olùkọ́ tí kì í rìn púpọ̀, mo lè fi ẹ̀rọ yìí gbà á láìjanpata. Bí eré ìdárayá tàbí ijó bá ni, ẹ yí ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán jáde sí 720p ní 50, kí ẹ gbà á ní 720p ní 50. Ẹ̀ ń fi píksẹ̀lì díẹ̀ ra ìrìn tó já geere, ojú ènìyàn sì ń tètè rí gátagàta ju bó ṣe ń rí píksẹ̀lì tó dín lọ.

Ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ 1080p ní 50 tàbí 60 lọ sí USB 3.0 gidi, tó ní 5 Gbps. Elgato HD60 S àti HD60 X wà níbẹ̀. Cam Link 4K wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n òun kò ní ihò HDMI kejì tí àwòrán lè gbà lọ sórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ má fojú tín-ín-rín ihò kejì yìí. Bí kò bá sí, lórí kọ̀ǹpútà nìkan lẹ ó ti máa wo ohun tí ẹ ń gbà, ó sì máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé ibẹ̀. Ẹni tó ń gbá géèmù kò lè fara da ìyẹn rárá. Magewell wọ́n ju ìwọ̀nyí lọ, ṣùgbọ́n USB Capture HDMI tiwọn kì í béèrè dráífà. Ẹ ki í bọ Windows, Mac tàbí Linux, ó ti ń ṣiṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ tí oríṣiríṣi kọ̀ǹpútà wà, òun ni mo máa ń dárúkọ fún wọn.

Ẹ tún ṣọ́ra fún lẹ́tà ẹ̀yìn orúkọ. HD60 tí kò ní lẹ́tà kankan lẹ́yìn, USB 2.0 ni. Inú ara rẹ̀ ló ti ń fún àwòrán pọ̀ ní H.264, ìlànà kan fún fífún fídíò pọ̀, kó tó gbé e fún kọ̀ǹpútà, èyí ló fi rí ọ̀nà gba ẹnu kékeré yẹn kọjá, àwòrán rẹ̀ sì dára. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó ń pẹ́ kó tó hàn. Ọgbọ́n kan náà ni Hauppauge dá sínú HD PVR tó jáde ní 2008, tó ń gba HD láti ojú wáyà mẹ́ta aláwọ̀ ewé, búlúù àti pupa, tí kò sì kọjá 13.5 Mbps. Ẹ ṣì lè rí i ní tòkunbọ̀. Kí ẹ tó rà á, ẹ wo ẹ̀yìn díkódà yín bóyá ihò mẹ́ta yẹn ṣì wà níbẹ̀, torí àwọn tuntun ti yọ wọ́n kúrò.

Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà orí tábìlì lè fi káàdì PCIe sínú rẹ̀, kó bọ́ lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ USB pátápátá. DeckLink Mini Recorder ti Blackmagic dára gan-an, ṣùgbọ́n ó ń béèrè pé kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe. Bí HDMI bá gbé 1080i (tí ìlà àwòrán rẹ̀ ń wá ní ìdajì-ìdajì) wá tí ẹ kọ 1080p sínú settings, dúdú ni ẹ ó rí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ wo kọ̀ǹpútà yín dáadáa

Ẹ wá àmì “SS” lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò USB, tàbí àwọ̀ búlúù nínú rẹ̀. Ihò USB-C kò túmọ̀ sí pé ó yára. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé USB 2.0 ló wà lẹ́yìn wọn. Ki capture card tààrà bọ ara kọ̀ǹpútà, ẹ má kì í bọ hub tí háàdì dísìkì àti kámẹ́rà ti jọ ń fa ọ̀nà mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Iṣẹ́ fífún àwòrán pọ̀ kò gbọ́dọ̀ wà lọ́rùn CPU bí ohun mìíràn bá wà tó lè gbé e. Intel ti ń fi Quick Sync, ẹ̀yà kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ fífún fídíò pọ̀, sínú ọ̀pọ̀ chip rẹ̀ láti 2011, Nvidia sì ti ní irú rẹ̀, NVENC, láti 2012. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ bíi HP EliteBook 840 G3 tó ní Core i5 ti ìran kẹfà, tí ẹ ó rí ní Computer Village ní Ìkẹjà, lè gba 1080p sílẹ̀ láìlàágùn bí ẹ bá yan QuickSync H.264 nínú OBS. Bí ẹ bá fi í sórí x264, tó ń gbé iṣẹ́ náà lé CPU lọ́rùn, fáànù rẹ̀ á máa ké, fírémù á sì máa já bọ́. RAM 8 GB tó.

Àyè dísìkì rọrùn láti ṣírò. Ní 15 Mbps, wákàtí kan jẹ́ 6.75 GB, eré bọ́ọ̀lù kan pẹ̀lú ìsinmi àti àlàyé àwọn ọlọ́gbọ́n orí tábìlì á gba nǹkan bí 14 GB. Háàdì dísìkì lásán lè gbé e, kò di dandan kó jẹ́ SSD. Bí ẹ bá ń kọ ọ́ sórí flash tàbí dísìkì ìta, ẹ wo bóyá FAT32 ni wọ́n ṣe é sí, nítorí fáìlì kan kò lè kọjá 4 GB lórí FAT32. Ẹ yí i sí exFAT tàbí NTFS lẹ́yìn tí ẹ bá ti kó ohun inú rẹ̀ kúrò.

Ọ̀rọ̀ iná wá ńkọ́? Bí ẹ bá ń kọ MP4 lásán, tí NEPA sì mú iná lọ kí ẹ tó tẹ Stop, fáìlì náà lè má ṣí mọ́, torí ìgbẹ̀yìn ni MP4 máa ń kọ àkójọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ lo MKV. Ohun tí ẹ ti gbà títí di ìgbà tí iná lọ yóò ṣì wà níbẹ̀, Remux Recordings nínú OBS yóò sì sọ ọ́ di MP4 fún yín láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bátìrì láptọ́ọ̀pù kò gba gbogbo rẹ̀ là: láptọ́ọ̀pù á máa bá iṣẹ́ lọ, díkódà á ti kú, ẹ ó wá gba òkùnkùn sílẹ̀ fún wákàtí méjì. Ẹ fi díkódà àti áńténà sórí UPS tàbí ínfátà kan náà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: settings mẹ́ta tí kò yẹ kí ẹ fi sílẹ̀ bí ẹ ṣe bá a

Tẹlifíṣọ̀n Nàìjíríà àti ti Britain, 50 ni wọ́n ń lò. OBS sábà máa ń wà lórí 30 tàbí 60. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀lù tó ń lọ á máa fò, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ yín. Ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ Video, ẹ yan 50 PAL tàbí 25 PAL. Ti Amẹ́ríkà àti Bràsíl, 59.94 ni.

Bí ìlà-ìlà bá ń hàn létí ohun tó ń sáré, 1080i ni díkódà ń gbé jáde. Ẹ yí díkódà sí 720p tàbí 1080p, tàbí kí ẹ tan Deinterlacing lórí Video Capture Device náà.

Bí àwòrán bá wà tí kò sí ohùn, ẹ wọ settings díkódà, ẹ wá ibi tí Dolby wà, kí ẹ yí i sí PCM, ohùn tí wọn kò fún pọ̀. Ọ̀pọ̀ capture card kò mọ Dolby tú.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ dán an wò níwájú oníṣọ́ọ̀bù

Ẹ gbé láptọ́ọ̀pù yín lọ sọ́jà, kí OBS ti wà lórí rẹ̀, kí wáyà HDMI kúkúrú kan sì wà nínú àpò. Ẹ kò nílò díkódà. Ẹ ki capture card bọ USB, kí ẹ fi wáyà so ihò HDMI láptọ́ọ̀pù yẹn kan náà mọ́ ọn. Windows á rò pé síkírínì kejì ni. Ẹ wọ́ fídíò tí ẹ mọ̀ dáadáa lọ sórí síkírínì kejì yẹn, kó máa lọ, kí ẹ máa gbà á sílẹ̀ nínú OBS. Ẹ wo iye fírémù bí mo ṣe júwe lókè. Ẹ wo ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bóyá ó bá ohùn mu. Ẹ jẹ́ kó lọ tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó fọwọ́ kan ara ẹ̀rọ náà: ó máa gbóná, ìyẹn kò burú, ṣùgbọ́n bí àwòrán bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú nígbà tó gbóná, ẹ dá a padà. Èyí tí ara rẹ̀ jẹ́ irin sábà ń fara da ooru ju oníke lọ.

Oníṣọ́ọ̀bù tí kò bá gbà kí ẹ dán an wò, ẹ kí i pé ẹ kú ọjà, kí ẹ máa lọ.

Bí ẹ bá délé, ẹ tún gba wákàtí kan gbáko sílẹ̀ láti ara ohun tí ẹ rà á fún gan-an, kí ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti òpin. Ohùn tó bá àwòrán mu ní ìbẹ̀rẹ̀ lè ti fi í sílẹ̀ nígbà tó bá fi máa di òpin wákàtí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti ṣọ́ọ̀bù kò sì lè fi ìyẹn hàn. Nítorí èyí, kí ẹ tó kúrò lọ́jà, ẹ bá oníṣọ́ọ̀bù ṣe àdéhùn ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà, kí ẹ sì rí i pé ó kọ nọ́mbà model sórí rìsíìtì. Bó bá jẹ́ “HDMI capture” lásán ló kọ, gbogbo páálí tó wà lórí àtẹ rẹ̀ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.